Ẹni tí Yóò Ṣọ́ Olùṣọ́: Akọni Inú Ìwé Alàwòrán, Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti Ọdẹ Ìlú Ṣakí

Ìfáàrà

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú ní ìlú Yorùbá láyé àtijọ́, tí àgbẹ̀ ti ti oko dé, tí onílé sì ti ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, ọdẹ ni ó máa ń kù ní ìta. Òun ni ó ń rìn láti àdúgbò kan dé èkejì kí ẹni tí ó sùn lè fọkàn balẹ̀ sùn. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Ṣakí, ìlú ńlá tí ó wà ní àgbègbè Òkè-Ògùn ní àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Òkè Aṣábàrí dúró tì gẹ́gẹ́ bí aláàbò. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ ibẹ̀, ẹnubodè orílẹ̀-èdè Benin kò sì jìnnà sí i. Láti ìgbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ti wà lórí ipò agbára ni àwọn ará ibẹ̀ ti mọ̀ pé ìlú tí kò bá fi ojú sí ọ̀nà, ọ̀tá ni yóò jí i lójú oorun.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣọ́ ìlú lóru mọ ilé tí olówó ń gbé. Ó mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó sì mọ àkókò tí oorun máa ń kun ènìyàn jù lọ. Ohun gbogbo tí ó sọ ọ́ di aláàbò rere náà ni ó lè sọ ọ́ di olè tí apá kò ká. Nítorí ìdí èyí ni ìbéèrè kan fi wà tí ó ti pẹ́ ju ìwé kíkọ lọ ní ilẹ̀ yìí: bí ìlú bá fi ọdẹ ṣọ́ ara rẹ̀, ta ni ìlú yóò fi ṣọ́ ọdẹ?

Ìbéèrè yìí kan náà ni ó wà ní ìdí oríṣìí ìtàn kan tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í fẹ́ rí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, èyíinì ni ìtàn akọni inú ìwé alàwòrán, tí ó ń bọ ojú rẹ̀, tí ó sì ń bá ọ̀daràn jà nínú ìlú tí rìbá ti bà jẹ́. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ nínú kíláàsì kò jẹ̀bi pátápátá, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọgbọ́n sì lè wọ́n níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ ìtàn náà dé orísun rẹ̀ yóò rí i pé kì í ṣe eré ọmọdé lásán ni. Yóò sì rí i pé ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọwọ́ nínú rẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Ọdún 1938 àti Àwọn Akọni Tuntun

Ní ọdún 1938, ohun méjì ṣẹlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè so pọ̀ ní ìgbà náà. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Superman fara hàn fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìwé alàwòrán. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìwé D. O. Fágúnwà tí ń jẹ́ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Bob Kane àti Bill Finger gbé akọni mìíràn jáde ní Amẹ́ríkà, Batman ni wọ́n sì pè é.

Batman kò ní agbára àràmàǹdà bíi ti Superman. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni, ọmọ olówó ni pẹ̀lú. Bruce Wayne ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ọlọ́ṣà kan ni ó pa bàbá àti ìyá rẹ̀ lójú rẹ̀ nígbà tí ó wà ní kékeré, ni ọmọ náà bá búra pé òun yóò fi ìyókù ayé òun gbógun ti àwọn ọ̀daràn. Lóru ni ó ń jáde, tòun ti ìbòjú àti aṣọ tí ó jọ ìyẹ́ àdán. Gotham ni wọ́n pe ìlú rẹ̀, ìlú àròsọ tí ilé gogoro kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìdájọ́ òdodo ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò ṣàdédé wáyé. Láti ọdún 1920 títí di 1933, òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò fi àyè gba ọtí pípọn àti ọtí títà. Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn sọ ọtí di òwò bòńkẹ́lẹ́, wọ́n di olówó, wọ́n sì ń fi owó náà ra ọlọ́pàá àti olóṣèlú, pàápàá ní ìlú Chicago. Bí èyí ti ń lọ lọ́wọ́ ni ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní ọdún 1929, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àìmọye ènìyàn. Nígbà tí ará ìlú bá rí i pé ẹni tí ó yẹ kí ó mú olè ni olè ń bọ́, ọkàn rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí fà sí akọni kan tí kò sí ẹni tí ó lè fi owó rà á. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí Batman jẹ́ ọmọ olówó: ẹni tí ó ti yó kò ní jẹ rìbá.

Níhìn-ín ni ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà láàrin akọni Amẹ́ríkà yìí àti ọdẹ inú ìwé Fágúnwà. Nígbà tí Akàrà-ogun ń lọ sí Òkè Láńgbòdó pẹ̀lú àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọba ni ó rán wọn, kí wọ́n lè mú ohun tí yóò tún ìlú ṣe wá. Wọ́n jíṣẹ́ fún ẹni tí ó rán wọn nígbà tí wọ́n padà dé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rán Batman. Ìbànújẹ́ tirẹ̀ ni ó rán an, ara rẹ̀ ni ó sì ń jíṣẹ́ fún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá di ìyàtọ̀ yìí mú ti ní kọ́kọ́rọ́ tí yóò fi ṣí ìyókù ìtàn náà.

Ìlú Ńlá nínú Ìwé Yorùbá

Àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá kò dúró kí òyìnbó tó kọ́ wọn pé ìlú ńlá lè ba ènìyàn jẹ́. Láti ọdún 1929 sí 1930 ni I. B. Thomas ti ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Nínú ìtàn náà, Èkó kì í ṣe ibi tí nǹkan kàn ti ń ṣẹlẹ̀ lásán. Òun gan-an ni ó ń tan ènìyàn, tí ó ń lò ó, tí ó sì ń jù ú nù. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ni akọni tí yóò gba ẹni tí ó ti ṣubú sílẹ̀.

Ogójì ọdún lẹ́yìn náà ni irú akọni bẹ́ẹ̀ dé. Ní ọdún 1969, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ọmọ bíbí Ọ̀yọ́, gbé Àjà Ló Lẹrù jáde, ó sì fi Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e ní 1971. Lápàdé ni akọni inú ìwé méjèèjì. Ó ti ṣe ọlọ́pàá rí, ṣùgbọ́n kò sí nínú iṣẹ́ náà mọ́. Òun àti Tàfá Ìgírípá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí ìjà, ni wọ́n jọ ń lépa ọ̀daràn. Lápàdé mọ òwe, ó mọ àwàdà, ó sì mọ ẹ̀ṣẹ́ lílò. Bí ó bá rí i pé òfin yóò fa ẹsẹ̀, kò ṣe é ní ohunkóhun láti gba ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Kọ́lá Akínlàdé gba ọ̀nà mìíràn. Nínú Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? tí ó jáde ní 1971 àti Owó Ẹ̀jẹ̀ tí ó jáde ní 1976, ọ̀ràn rírò ni ó gba iwájú. Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀, a máa béèrè ọ̀rọ̀, a máa wo ipasẹ̀, a sì máa fi ọ̀rọ̀ ẹnìkan wé ti ẹlòmíràn títí òtítọ́ yóò fi yọ. Àwọn olùlámèyítọ́ ti sọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà pé Akínlàdé sún mọ́ àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ka ọ̀ràn ọ̀daràn sí àlọ́ tí a gbọ́dọ̀ já, tí Òkédìjí sì sún mọ́ àwọn tí ìtàn wọn kún fún ìjà àti eré sísá. Ìyàtọ̀ náà kò mọ sí ọgbọ́n ìkọ̀wé nìkan. Ẹni tí ó gbà pé òfin ṣì lè ṣiṣẹ́ ni yóò ní sùúrù láti wá ẹ̀rí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti kúrò lára òfin ni yóò gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀ṣẹ́.

Ọdún tí àwọn ìwé wọ̀nyí jáde kò ṣàì ní ìtumọ̀. Ogun abẹ́lé Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ó sì parí ní 1970. Ìbọn wà káàkiri lẹ́yìn ogun, owó epo rọ̀bì sì ń wọlé. Ìdigunjalè wá gbilẹ̀ dé ibi pé ìjọba ológun ṣe òfin ní ọdún 1970 pé kí wọ́n máa pa adigunjalè. Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1971, wọ́n yìnbọn pa Ishola Oyenusi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní etí òkun Bar Beach ní Èkó, níṣojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ọdún kan náà ni Àgbàlagbà Akàn jáde. Òǹkàwé tí ó ra ìwé náà nígbà náà kò ní láti ro ohun tí adigunjalè jẹ́. Ó ti kà nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àárọ̀.

Láti Fọ́tò dé Àwòrán: Ìtàn Powerman

Ní àárín gbùngbùn ìgbà yìí kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ ń ka ìtàn tí wọ́n fi fọ́tò sọ. Ilé-iṣẹ́ Drum ni ó ń gbé Lance Spearman jáde nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní African Film, wọ́n sì ń kà á láti Ìwọ̀-Oòrùn títí dé Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aláwọ̀ dúdú ni Spearman, ó ń dé fìlà òyìnbó, ó mọ ọkọ̀ wà, ó sì mọ ìjà. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé, òun ni akọni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ jọ tiwọn.

Ní èdè Yorùbá, Atọ́ka ni ó gba ipò náà. Ilé-iṣẹ́ West African Book Publishers ní Èkó ni ó ń tẹ̀ ẹ́ láti ìparí àwọn ọdún 1960 wọ inú àwọn ọdún 1980. Eré àwọn ẹgbẹ́ òṣèré alárìnjò ni wọ́n ń yà ní fọ́tò, tí wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu àwọn òṣèré. Ẹni tí kò tí ì rí owó wọ ilé eré lè ra eré náà ní ọjà, kí ó sì mú un lọ sí oko. Nípa báyìí ni ojú àwọn òǹkàwé Yorùbá fi mọ bí wọ́n ti ń tọ ìtàn láti àwòrán kan bọ́ sí èkejì.

Èyí ni ó mú kí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1975 pa ni lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ní ọdún náà, ní Lọ́ńdọ̀nù, Don Avenell àti Norman Worker bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìtàn akọni aláwọ̀ dúdú kan tí ń jẹ́ Powerman, fún títà ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó méjì, Dave Gibbons àti Brian Bolland, ni wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ya ti ìsinsìnyí, èkejì yóò ya èyí tí ó tẹ̀ lé e. Wọ́n fi nọ́ńbà sí àwòrán kọ̀ọ̀kan kí òǹkàwé lè mọ èyí tí ó ṣáájú, nítorí èrò wọn ni pé ìwé alàwòrán ṣàjèjì sí àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tí ó ti ka Atọ́ka kò nílò nọ́ńbà náà.

Powerman lágbára púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè borí rẹ̀ ni oró ejò. Ọdẹ Òkè-Ògùn tí ó bá gbọ́ èyí yóò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹ̀rọ̀ oró ejò wà lára ohun tí ọmọṣẹ́ ọdẹ ń kọ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀. Nínú ohun kékeré yìí ni òǹkàwé ti lè mọ̀ pé àwọn tí ó ṣe ìwé náà kò mọ ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣe é fún. Wọ́n fi àwọ̀ dúdú fún akọni wọn, ṣùgbọ́n wọn kò bi í léèrè ilé tí ó ti jáde wá. Powerman kò ní Olúọdẹ, kò ní ọba tí ó ń jíṣẹ́ fún, kò sì ní ìdílé tí yóò dá a lẹ́kun bí ó bá ṣi agbára lò.

Ọdún 1986

Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì tí wọ́n fi Powerman kọ́wọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká. Láti 1986 sí 1987, Dave Gibbons àti Alan Moore gbé ìwé Watchmen jáde ní apá méjìlá. Ní 1988, Brian Bolland ya The Killing Joke, ìtàn Batman àti Joker ọ̀tá rẹ̀, tí Alan Moore kan náà kọ. Àwọn ìwé méjèèjì wà lára àwọn tí ó yí ìtàn akọni padà pátápátá, tí ó sọ ọ́ di ìtàn àgbàlagbà. Ní 1986 kan náà, Frank Miller gbé The Dark Knight Returns jáde, níbi tí Batman ti darúgbó, tí inú ń bí i, tí ó sì padà sí Gotham tí ó ti bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti 1991 ni Miller yìí tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣe Sin City, tí ó fi àwòrán dúdú àti funfun ṣàpèjúwe ìlú kan tí ọlọ́pàá, olóṣèlú àti olórí ìsìn ti jọ ń jẹun nínú abọ́ kan.

Nínú gbogbo wọn, Watchmen ni ó kan ọ̀rọ̀ yìí jù lọ. Nínú ìtàn náà, òfin ti dá àwọn abòjú lẹ́kun, àfi àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba. Ẹni tí ó bá sì wo ìgbésí ayé wọn fínnífínní yóò rí i pé àwọn kan nínú wọn burú ju ọ̀daràn tí wọ́n ń lé lọ. Ní ìparí rẹ̀, èyí tí ó gbọ́n jù lára wọn pa àìlóǹkà ènìyàn ní New York, ó ní kí ogun àgbáyé má baà ṣẹlẹ̀ ni. Lára ògiri ìlú, àwọn ènìyàn ń kọ ìbéèrè tí ó ti wà láti ayé Juvenal, akéwì ilẹ̀ Róòmù, nípa ẹni tí yóò máa ṣọ́ àwọn olùṣọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìbéèrè ọdẹ Ṣakí ni.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1986 yẹn, kò sí ìdí fún ọmọ Nàìjíríà láti ka ìwé òyìnbó kí ó tó mọ̀ bí ìlú tí ó bàjẹ́ ti rí. Ọdún náà ni Lawrence Anini àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó jìnnìjìnnì bá ìlú Bìní. Wọ́n ń jalè, wọ́n ń pa ọlọ́pàá, wọ́n sì ń bọ́ lọ́wọ́ òfin lọ́nà tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Àwọn kan ní oògùn ni, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí yìn ín bí akọni. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní oṣù kejìlá ọdún náà ni àṣírí tú. Kì í ṣe oògùn nìkan ni ó ń dáàbò bò ó. George Iyamu, ọ̀gá ọlọ́pàá kan, ni ó ń ràn án lọ́wọ́. Ní ọdún 1987 ni wọ́n yìnbọn pa Anini àti Iyamu.

Àwọn Yorùbá ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹni tí ó dúró nísàlẹ̀ tí ó ń gba epo bá wá jẹ́ olùṣọ́ ilé náà ńkọ́? Ìhín ni ìtàn inú ìwé àti ìtàn tòótọ́ ti pàdé. Àwọn kan gba olè ní akọni nítorí pé akọni tí ìjọba fún wọn ti di olè.

Ọdẹ Ṣakí àti Ìdè tí Ó Wà Lára Rẹ̀

Ó tọ́ kí olùkàwé padà sí Ṣakí báyìí, kí ó sì wo ọ̀nà tí àwọn baba ńlá gbà kojú ìbéèrè náà. Ohun àkọ́kọ́ ni pé ọdẹ tí ó ń ṣọ́ ìlú kò bojú. Ọmọ ẹni tí ó jẹ́, agbo ilé tí ó ti jáde àti ìyá tí ó bí i, gbogbo ìlú ni ó mọ̀ wọ́n. Bí ó bá ṣe ohun ìtìjú, ojú yóò ti odindi agbo ilé. Èkejì ni pé ó ti bá Ògún mulẹ̀. Irin ni ohun èlò rẹ̀, irin ni ó sì fi ń búra. Ìgbàgbọ́ àwọn ọdẹ ni pé Ògún kì í gba èké. Ẹ̀kẹta ni pé ó wà lábẹ́ Olúọdẹ, Olúọdẹ sì wà lábẹ́ ọba, tí í ṣe Ọ̀kẹ̀rẹ̀ ní Ṣakí. Bí ọdẹ bá mú olè, ààfin ni ó ń mú un lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú un. Ìdájọ́ kò sí ní ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ìjálá. Nínú ìjálá ni àwọn ọdẹ ti ń yin akíkanjú, ṣùgbọ́n nínú rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bú ọ̀lẹ, tí wọ́n sì ń tú àṣírí oníwàkíwà, ì báà ṣe ọlọ́lá. Bí ọdẹ bá sì kú, ẹgbẹ́ yóò ṣe ìṣípà fún un, wọn yóò sun ìrèmọ̀jé, orúkọ rẹ̀ yóò sì di ohun tí a gbé yẹ̀wò ní gbangba. Ẹni tí ó mọ̀ pé wọn yóò ka ìwà òun lẹ́yìn ikú òun yóò rora ṣe.

Ẹnìkan lè béèrè pé: egúngún ńkọ́? Ṣebí òun náà ń bo ojú, ó sì ń jáde lóru nígbà mìíràn láti bá oníwà burúkú wí? Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n aṣọ egúngún kì í ṣe ti ẹnìkan. Ti ìdílé ni, ó sì ní àwọn àgbà awo tí wọ́n ń ṣàkóso rẹ̀, Alágbàáà sì wà lórí wọn. Wọ́n mọ ẹni tí ó gbé e, wọ́n mọ ìgbà tí ó jáde, wọ́n sì mọ ohun tí a rán an. Fún ìdí èyí, ohun tí ó yẹ ní bíbéèrè ní ti akọni inú ìwé kì í ṣe pé ṣé ó bojú, bí kò ṣe pé ta ni ó mọ ẹni tí ó wà lábẹ́ ìbòjú náà.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi èyí sọ pé ayé àtijọ́ kò lábùkù. Àwọn ìdè wọ̀nyí a máa já. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé agbára tuntun lé àwọn aláṣẹ kan lọ́wọ́, tí ó sì dá kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ tuntun sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ará Òkè-Ògùn rí i pé àwọn tí ń dájọ́ kò jíṣẹ́ fún ìlú mọ́, òyìnbó ni wọ́n ń jíṣẹ́ fún. Ní ọdún 1916, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Ìṣẹ̀yìn àti Òkèihò, ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba sì fi ológun tẹ ọ̀tẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ tún dìde ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ orúkọ Àgbẹ́kọ̀yà, nítorí owó orí tí ó wọ̀ wọ́n lọ́rùn àti ìwà ìjẹgàba àwọn tí ń gbà á. Wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn ní 1969, títí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi lọ bá Tàfá Adéoyè, olórí wọn, sọ̀rọ̀, tí ìjọba sì dín owó orí kù sí 2 pọ́n-ùn. Nínú ọ̀ràn méjèèjì, kò sí akọni abòjú kankan. Ará ìlú ni ó dìde lápapọ̀, ó sì san owó ẹ̀jẹ̀ fún un.

Ìgbà mìíràn wà tí ènìyàn kò lè dúró de irú ìdìde bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì gbé agbára lé ẹni tí wọ́n rò pé yóò gbà wọ́n. Ní ìparí àwọn ọdún 1990 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, àwọn oníṣòwò ní Aba àti Onitsha fi ayọ̀ gba àwọn Bakassi Boys nítorí pé wọ́n lé àwọn ọlọ́ṣà jáde ní ọjà. Kò pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí kígbe pé wọ́n ń pa ènìyàn láìsí ìdájọ́. Àwọn tí ó pàtẹ́wọ́ fún wọn ní àárọ̀ ni ó ń sá fún wọn ní ìrọ̀lẹ́.

Ní ọjọ́ 9, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2020, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù ṣe ìfilọ́lẹ̀ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ṣe òfin tirẹ̀ fún un, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ṣe tirẹ̀ ní ọdún kan náà. Àwọn ọdẹ wà lára àwọn tí wọ́n gbà sí iṣẹ́ náà. Ìgbà náà, ẹnubodè orí ilẹ̀ ti wà ní títì láti oṣù kẹjọ ọdún 2019, àwọn ará Ṣakí àti àyíká rẹ̀ sì mọ̀ dáadáa pé ibi tí fàyàwọ́ bá wà, olùṣọ́ kì í jìnnà sí ìdánwò. Ọdẹ wá di òṣìṣẹ́ ìjọba, ó wọ aṣọ iṣẹ́, orúkọ rẹ̀ wọ inú ìwé, owó oṣù sì ń wọlé fún un. Ìdè tuntun ni òfin àti ìwé yìí. Bí yóò ti le tó ìdè irin Ògún, tàbí bí méjèèjì yóò ti pa pọ̀ di ọ̀kan, ìyẹn wà lọ́wọ́ bí ará ìlú bá ti la ojú sílẹ̀ tó.

Ìkádìí

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ olùkọ́ ni pé kò yẹ kí ó kàn gba ìwé alàwòrán lọ́wọ́ ọmọ kí ó sì jù ú sí inú àpótí. Ó sàn kí ó bi ọmọ náà léèrè ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni ó pọn dandan, wọ́n sì wúlò fún Lápàdé, fún Akàrà-ogun àti fún Batman bákan náà: Ta ni ó rán akọni yìí? Ta ni ó ń jíṣẹ́ fún? Ta ni ó lè mú un bí ó bá ṣẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ìbéèrè mẹ́ta yìí wo ìwé kan ní ìdánwò kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ pé akọni náà jẹ́ onígboyà, tí ó sì dá dúró síbẹ̀. Yóò lè sọ irú ìlú tí ó bí irú akọni bẹ́ẹ̀, àti ohun tí ìlú náà ti pàdánù kí ó tó nílò rẹ̀.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé bí akọni kan bá ti tóbi tó nínú ìtàn ni ìrètí àwọn ará ìlú nínú òfin ti kéré tó. Gotham nílò Batman nítorí pé ilé-ẹjọ́ Gotham ti kú. Lápàdé rí iṣẹ́ ṣe nítorí pé iṣẹ́ ń bẹ tí àwọn tí wọ́n ń gba owó rẹ̀ kò ṣe. Ìlú tí ọdẹ rẹ̀ ń sọ òtítọ́, tí onídàájọ́ rẹ̀ kò gba rìbá, ìtàn irú akọni bẹ́ẹ̀ yóò ṣòro kọ níbẹ̀; àwọn ará ibẹ̀ kò sì ní ṣàárò rẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ó yẹ kí olùkàwé fi etí sí òwe náà dáadáa. Kò sọ pé ọjọ́ kan ni ti akọni. Ti olóhun ni, ẹni tí ó ni ohun tí wọ́n ń jí. Ní Ṣakí, ní Èkó, ní ìlú Bìní, ará ìlú ni olóhun, ojú rẹ̀ ni ó sì gbọ́dọ̀ wà lára olùṣọ́ tí ó fi ṣọ́ ilé rẹ̀.